Ìlú Tí Rélùwéè Bí: Ìtàn Lilburn Níbi Tí A Ń Gbé

Ìlú tí a ti wá la máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù nínú abala ìtàn yìí, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ Lilburn, Georgia, sí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà, síbẹ̀ bí ọmọ bá béèrè pé, "Dádì, ta ni Lilburn?" a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé. Ọmọ tó mọ̀ pé Ṣódẹkẹ́ ló kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ, ó yẹ kó mọ ẹni tó ni orúkọ ìlú tó ń sùn, tó ń jí nínú rẹ̀.

Ọ̀gá rélùwéè ni. Lilburn Trigg Myers ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, òun sì ni alábòójútó àgbà ilé iṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Seaboard Air Line. Ẹ má jẹ́ kí "Air Line" yẹn tàn yín jẹ o. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀nà tó bá lọ tààrà bí ẹni pé ẹyẹ ló fò ó ni àwọn oní-rélùwéè máa ń pè bẹ́ẹ̀ láti fi polówó ọjà wọn. Kì í ṣe Myers ló tẹ ìlú náà dó. Ilé iṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ ló la ojú irin kọjá níbẹ̀, ìyẹn náà ló sì sọ ibẹ̀ di ìlú.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà ṣófo tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn Creek àti àwọn Cherokee, ló ni gbogbo agbègbè yìí. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n dá county Gwinnett sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1818, wọ́n sì fi orúkọ Button Gwinnett sọ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Georgia ṣẹ́ gègé lórí ilẹ̀ náà ní 1820, tí wọ́n pín in fún àwọn òyìnbó tí orúkọ wọn jáde. Ẹ rò ó wò ná: kí wọ́n fi gègé pín ilẹ̀ baba ẹlòmíì! Ilé kan tó ti wà láti 1826, tí wọ́n ń pè ní Wynne-Russell, ṣì wà ní Lilburn títí di òní. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, òwò ẹrú ṣì ń lọ ní Georgia, àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò lómìnira ló sì ń ro oko fún àwọn onílẹ̀. Ojú irin kò tíì dé nígbà yẹn, Lilburn kò sì tíì sí.

Ọdún 1890 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé iṣẹ́ Georgia, Carolina and Northern, tó wà lábẹ́ Seaboard, ń la ojú irin láti Monroe ní North Carolina wá sí Atlanta. Ibì kan ní nǹkan bí ogún máìlì sí àríwá ìlà-oòrùn Atlanta ni wọ́n yàn fún ìdúró, wọ́n pè é ní McDaniel. Abúlé kékeré kan wà nítòsí ibẹ̀ tó ń jẹ́ Bryan. Ní 1892 tí rélùwéè àkọ́kọ́ kọjá, àwọn ará Bryan kó ẹrù wọn, ó di McDaniel. Ta ló tún ń gbọ́ orúkọ Bryan lónìí? Ọdún yẹn kan náà ni ojú irin dé Inman Park ní Atlanta. McDaniel di Lilburn ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1910, nígbà tí ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí ìlú.

Kí ló wà nínú rélùwéè tó lè mú kí odidi abúlé ṣí kúrò lójú kan? Òwú ni. Ní gbogbo Georgia nígbà náà, òwú ni owó. Ìdì òwú kan wúwo tó nǹkan bí 500 pọ́n-ùn, ìbaaka ló sì ń fa kẹ̀kẹ́ tó ń kó o, lórí ọ̀nà tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀ ẹrẹ̀ nìkan ni. Àgbẹ̀ tó jìnnà sí téṣàn, ìrìn àjò ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè fi máa ń tò àwọn ìdúró súnmọ́ra, kí àgbẹ̀ lè gbé òwú rẹ̀ wá láàárọ̀ kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibi tí wọ́n bá ti ń já òwú sílẹ̀ ni oníṣọ́ọ̀bù yóò ti wá ṣí ìsọ̀. Yóò ta ajílẹ̀ àti aṣọ àti ìyẹ̀fun láwìn, yóò sì dúró de ìkórè láti gba owó rẹ̀ lára òwú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ òṣómàáló mọ irú òwò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí òṣómàáló bá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, aṣọ tó tà láwìn ló ń béèrè owó rẹ̀. Ní Georgia, àgbẹ̀ tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn kò ní rí ọ̀nà lọ síbòmíràn, pàápàá bó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Àwọn tó wá láti Òṣogbo nínú wa kò ní í ya ẹnu sí ìtàn yìí. Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ọ̀ffà ní 1908, ó sì tẹ̀ síwájú títí tó fi dé Kánò. Àwọn oníṣòwò òwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1902, wà lára àwọn tó ń retí rẹ̀ lójú méjèèjì, torí òwú tí wọ́n fẹ́ máa rà lọ́wọ́ àwọn baba wa fún àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ wọn. Òwú yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ wá tó bí wọ́n ṣe rò. Kòkó ló wá di ọba. Ṣùgbọ́n Òṣogbo gbilẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó wá kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, àlejò láti ibi gbogbo wá jókòó síbẹ̀. Rélùwéè náà kò gba Ọ̀yọ́, kò gba Ògbómọ̀ṣọ́, kò gba Iléṣà. Àwọn ìlú ńlá wọ̀nyí tóbi ju ìlú tí kò lè gbéra, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà tó bá fẹ́ gbé ọjà lọ sí Òkè Ọya ní láti kọ́kọ́ wá Òṣogbo wá. Ojú irin kan náà ló ṣe Lilburn, ó kàn jẹ́ pé Lilburn kò ní ìtàn mìíràn tó lè fẹ̀yìn tì.

A kò gbọdọ̀ fi ibì kan pamọ́ nínú ìtàn yìí fún àwọn ọmọ wa. Ní 1891, ọdún kan péré kí rélùwéè àkọ́kọ́ tó kọjá ní Lilburn, ìjọba Georgia ṣe òfin pé aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó kò gbọdọ̀ jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ rélùwéè. Ní 1892 gan-an, ní Louisiana, wọ́n mú Homer Plessy nítorí pé ó jókòó sí ibi tí wọ́n ní kò tọ́ sí i nínú rélùwéè. Ẹjọ́ rẹ̀ ló dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 1896, tí àwọn adájọ́ fi sọ pé ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ bá òfin mu. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin tiwa láti Èkó ni. Nítorí náà láti ọjọ́ tí Lilburn ti mọ rélùwéè, rélùwéè tó pín èèyàn sọ́tọ̀ ló mọ̀. Ká sọ pé ìyá tàbí bàbá wa kan wà níbẹ̀ nígbà yẹn tó fẹ́ lọ Atlanta, owó tí òyìnbó san lòun náà yóò san, ṣùgbọ́n kò ní jókòó síbi tí òyìnbó jókòó.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1920 ni ibi kọ́kọ́ dé. Iná jó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní àárín ìlú. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó tún un kọ́. Ẹni tó bá tún ilé kọ́ bẹ́ẹ̀, ó gbàgbọ́ pé ọjà yóò padà wá. Ọjà ọ̀hún kò padà wá bó ṣe yẹ, ẹ̀bi kì í sì í ṣe ti iná.

Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ èso òwú ti wọ Georgia ní nǹkan bí 1915. Kó tó dé, ilẹ̀ tí wọ́n fi gbin òwú ní Georgia ní 1914 ju éékà mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Nígbà tó fi di 1923, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ìdajì! Ẹ fojú inú wo téṣàn tí òwú ló ń bọ́ ọ. Bí òwú ṣe ń lọ ni èèyàn ń lọ, pàápàá àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò sí ohun tó dè wọ́n mọ́ ilẹ̀ ju gbèsè lọ. Wọ́n kọrí sí Chicago, Detroit, New York. Rélùwéè ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ lọ. Ojú irin tó kó wọn jọ yí ìlú ká náà ló tún kó wọn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dá owó ọdún 1929 dé, ó bá wọn nílẹ̀.

Ohun tó wá pa ọjà àárín ìlú gan-an, lójú tiwa, kì í ṣe ìyàn tàbí iná. Títì ni. Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ sí Lawrenceville Highway, ìyẹn U.S. 29, kò gba iwájú téṣàn. Ẹ̀gbẹ́ ìlú ló gbà. Nígbà tí mọ́tò àti tírélà wá pọ̀, tí àgbẹ̀ lè gbé ẹrù rẹ̀ tààrà dé Atlanta láìdúró de ẹnikẹ́ni, oníṣọ́ọ̀bù tó lọ́gbọ́n lórí kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí etí títì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Bryan ṣe kó wá sí etí ojú irin láyé àwọn bàbá rẹ̀. Àárín ìlú wá dákẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni rélùwéè èrò dẹ́kun dídúró ní Lilburn. Ó ṣe ni láàánú pé àkókò yẹn kan náà ni òfin ìyàsọ́tọ̀ ń kógbá sílé: ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ tó fòpin sí i nínú rélùwéè tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1956. Nígbà tí aláwọ̀ dúdú lè jókòó síbi tó wù ú, rélùwéè kò gba èrò ní Lilburn mọ́.

Ọkọ̀ olókìkí kan tún ń gba ojú irin yìí kọjá títí di 1969. Silver Comet ni wọ́n ń pè é, láti 1947 ló ti ń ná New York sí Birmingham ní Alabama, ó ń gba Athens àti Atlanta. Ní 1960, àwọn tó ń gbé inú ìlú Lilburn kò tó ẹgbẹ̀rún kan.

(Bí a ti dárúkọ Athens, inú wa kò ní jẹ́ ká kọjá bẹ́ẹ̀. Athens yìí, tó wà lójú irin kan náà pẹ̀lú Lilburn, ni àwọn ọmọ wa ti na Brazil 4-3 àti Argentina 3-2 ní ìdíje Òlíḿpíìkì 1996, tí Nàìjíríà fi gba wúrà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó wà níbẹ̀ nínú wa kò tíì sinmi àròyé rẹ̀. Mọ́tò ni gbogbo wọn wọ̀ lọ.)

Lilburn kò kú, bí ẹnikẹ́ni bá ń rò bẹ́ẹ̀. Ó padà jí, àmọ́ nípa ọ̀nà tí rélùwéè kò lọ́wọ́ sí. Atlanta ń gbòòrò, títì I-85 la Gwinnett kọjá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá ń wá ilé tó ní àgbàlá. Ní 1970, èèyàn tó wà ní gbogbo Gwinnett lé díẹ̀ ní 72,000. Ní ìkànìyàn 2020, wọ́n ju 957,000 lọ, 14,502 nínú wọn sì wà ní Lilburn. Ọ̀pọ̀ àwa tí a sọ pé Lilburn là ń gbé kò sí lára iye yẹn o. Ojúlé wa wà lẹ́yìn odi ìlú, ní apá Mountain Park àti ibòmíràn, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló kàn ń pè wá ní ará Lilburn. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò yan méyọ̀ kó kọ́kọ́ yẹ ìwé ilé rẹ̀ wò.

Àwọn tó dé kì í ṣe àgbẹ̀ òwú. Ará Kòríà dé, ará Mẹ́síkò dé, ará Vietnam dé, àwa náà dé láti Èkó, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Èkìtì. Àwọn ará Íńdíà kọ́ ilé ìsìn òkúta ńlá kan, BAPS Shri Swaminarayan Mandir, tó ṣí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007. Etí Lawrenceville Highway náà ni wọ́n kọ́ ọ sí, àwọn èèyàn sì ń wá wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Ìlú tó ti jẹ́ pé téṣàn ló ga jù lójú àlejò, ilé ìsìn àwọn Híńdù ni àlejò ń béèrè báyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìdílé wa nìyí. Gwinnett, tí rélùwéè sọ àwọn ìlú rẹ̀ di ìlú, ti dìbò kọ MARTA àti ètò ọkọ̀ èrò léraléra: ní 1971, ní 1990, ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àti ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ìgbà márùn-ún. Owó orí ọjà sẹ́ńtì kan lórí dọ́là kan ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àwáwí. Àwọn tó ti pẹ́ níbí mọ̀ pé ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ìbẹ̀rù pé àwọn aláwọ̀ dúdú yóò bá rélùwéè wá láti Atlanta wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé ètò 2019 kò ní mú rélùwéè gba Main Street. Apá I-85 ló fẹ́ gbà. Òótọ́ náà ni pé ètò 2024 kò ní rélùwéè nínú, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ kéékèèké ni. Ṣùgbọ́n ti 2020 ló ń dùn wá jù. Ìbò tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lọ, nínú county tí èèyàn tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan ń gbé. Mélòó nínú àwa tí a ti di ọmọ ilẹ̀ yìí ló jáde lọ́jọ́ náà, mélòó nínú wa ló sì ka ìwé ìbò náà dé ìsàlẹ̀ níbi tí ìbéèrè yẹn wà?

Àwa fúnra wa lè wakọ̀, nítorí náà a lè sọ pé kò kàn wá. Ó kan ìyá wa. Màmá tó wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, ẹni tó jẹ́ pé nílé yóò jí, yóò wẹ̀, yóò wọ mọ́tò lọ sí Dúgbẹ̀ nídìí téṣàn rélùwéè, yóò ná ọjà, yóò kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó padà, ó dé Lilburn, ó di ẹni tó ń ti ojú fèrèsé wo òde. Bọ́ọ̀sì county ti wà láti 2001, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àdúgbò wa jìnnà sí ibi tó ń gbà, ọ̀nà tí kò ní ibi ìrìn ẹsẹ̀ sì pọ̀. Ó di Sátidé kí ẹnì kan tó gbé màmá dé ọjà DeKalb. Bí wọ́n bá lo oṣù mẹ́fà, ìgbà mélòó ni wọ́n jáde? Àwọn kan nínú wọn ti sọ fún wa lójúkojú pé àwọn kò ní wá mọ́, pé ẹ̀wọ̀n tó ní tẹlifíṣọ̀n ni. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nílé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí rélùwéè wa ti di ohun ìtàn, èrò tún ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn láti oṣù Kẹfà ọdún 2021. Màmá ló ń ròyìn rẹ̀ fún wa lórí fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mú àwọn ọmọ lọ wo ibi tí ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀, Old Town kò jìnnà sí Lawrenceville Highway. Ẹ gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ páàkì ìlú, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ní Main Street. Ẹ fi àwọn ilé bíríkì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn iná ọdún 1920 hàn wọ́n. Ojú irin wà níbẹ̀ gan-an, CSX ló ni ín báyìí, lẹ́yìn tí Seaboard dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ní 1967 tí orúkọ rẹ̀ sì parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ di àwọn ọmọ kéékèèké mú lọ́wọ́, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù ṣì ń kọjá níbẹ̀, ó gùn, ó ń sáré, kì í sì í dúró.